Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe admin máa mount èsítánà dísìkì fúnra wọn lórí sáfà?

AbeniEdit · Ọjọ́ Ajé, 8:47 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi ilé iṣẹ́ fídíò kan n'Íbàdàn. Sáfà kan ṣoṣo la ní, ó wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì, Ubuntu 24.04 ló wà lórí ẹ̀, kò ní dẹ́sítọ́ọ̀pù rárá, SSH ni gbogbo èèyàn fi ń wọlé láti orí kọ̀ǹpútà tiwọn. Àwọn tó ń ya fídíò máa ń ti òde ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà dé pẹ̀lú èsítánà 2TB tàbí káàdì kámẹ́rà, wọ́n á kì í bọ sáfà, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á wá jókòó máa retí mi torí èmi nìkan ló lè mount ẹ̀, ìyẹn ni kí n so ó mọ́ fódà kan kí fáìlì inú ẹ̀ tó lè ṣe é ṣí. Tí mi ò bá sí níbi iṣẹ́ ńkọ́? Ní gbogbo ọjọ́ Sunday fóònù mi kì í sinmi. Tí wọ́n bá gbìyànjú ẹ̀ fúnra wọn ohun tí wọ́n ń rí nìyí:

`mount: /mnt: must be superuser to use mount.`

Mi ò fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní páásíwọọ̀dù root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ oníbàárà ló kún inú sáfà yẹn, àwọn mìíràn ò tíì san owó tán. Kí ni kí n ṣe?

SegunFixIt · Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ àǹtí. Èyí ò le, ẹ ṣí visudo, ibi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tó lè fi sudo lo àṣẹ root, kẹ́ ẹ fi ìlà yìí sí i:

`%fidio ALL=(root) NOPASSWD: /usr/bin/mount, /usr/bin/umount`

Ẹ kó gbogbo wọn sínú group tó ń jẹ́ fidio, ó parí. Tẹ́ ẹ ò bá sì fẹ́ sudo, ẹ kó wọn sínú group `disk`, ibi púpọ̀ ni mo ti rí i tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀.

Baba_Terminal · Ọjọ́ Ajé, 9:52 àárọ̀

Ṣẹ́gun àbúrò mi, rárá o. Àǹtí Abẹ́ní, ẹ dákun ẹ má ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá lè fi sudo pe mount bó ṣe wù ú, root ni onítọ̀hún. Kò ju ìlà méjì lọ:

`sudo mount -o bind /bin/bash /usr/bin/mount`
`sudo mount`

Ìlà àkọ́kọ́ gbé bash, ètò tó ń gba àṣẹ téèyàn bá tẹ̀, bo mount mọ́lẹ̀, ìkejì ní kí sudo pe mount, bash ló máa jáde, àṣẹ root ló sì máa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kan á ní ká fi àmì ìràwọ̀ dè é, bíi `/usr/bin/mount /dev/sd* /mnt/*`. Ìyẹn náà ò dè é. Ìràwọ̀ inú sudoers (fáìlì tí visudo ń ṣí) máa ń gba àlàfo, á tún gba slash, èèyàn lè tẹ `/dev/sdb1 -o suid /mnt/x`, ó bá òfin yín mu, ó lè tẹ `/mnt/../etc` níparí, ó tún bá a mu.

Ti group `disk` yẹn burú ju ti sudo lọ pàápàá, torí kò ní hàn nínú log kankan. Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ lè ka gbogbo dísìkì tó wà lára ẹ̀rọ náà ní tààràtà, títí kan èyí tí sáfà fúnra ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. debugfs ló máa fi ka /etc/shadow, fáìlì tí àkọsílẹ̀ páásíwọọ̀dù wà, ẹ̀tọ́ tẹ́ ẹ fún fáìlì ò lè dá a dúró torí pé ìsàlẹ̀ filesystem, ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì, ló gbà.

Ọ̀nà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí láti ayébáyé ni /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ dísìkì wo ló máa lọ sí fódà wo. Ẹ fi `lsblk -f` wo UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) dísìkì náà, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ báyìí:

`UUID=7A3C-19E0  /srv/kaadi1  exfat  noauto,user  0  0`

`noauto` ni kó má gbìyànjú ẹ̀ nígbà tí sáfà bá ń tan, torí tí kò bá sí níbẹ̀ tí dísìkì náà ò sì sí lára ẹ̀rọ, sáfà lè kọ̀ láti tan dé òpin, á já yín sí emergency mode, ẹ mọ bí NEPA ṣe ń ṣe, ẹ ò fẹ́ kí iná dé lóru kí sáfà máa dúró de káàdì kámẹ́rà. `user` ló jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè tẹ `mount /srv/kaadi1` láìsí sudo, ẹni tó bá mount ẹ̀ nìkan ló sì lè umount ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn lè yọ ọ́, `users` ni kẹ́ ẹ kọ, pẹ̀lú s. Àwọn méjèèjì máa ń gbé noexec (kí ètò kankan má ṣiṣẹ́ láti orí dísìkì náà), nosuid àti nodev wá fúnra wọn, ẹ má sì yọ wọ́n kúrò.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀, torí ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń fò. Lórí láptọ́ọ̀pù tèmi, èmi ni root. Mo lè ṣe èsítánà kan ní ext4, kí n da bash kan sórí ẹ̀, kí n sọ pé root ló ni ín, kí n fún un ní 4755, ẹ̀tọ́ tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín. Tí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ yín tí sáfà yín gbà á láìsí nosuid, mo kàn máa pe bash yẹn pẹ̀lú `-p` ni, mo ti di root lórí ẹ̀rọ tí mi ò mọ páásíwọọ̀dù ẹ̀. Tí nodev ò bá sí níbẹ̀, mo lè fi mknod dá device node tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ti dísìkì inú sáfà yín mu, kí n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà. Òfin tó ń ṣọ́ /dev yín ò kan èyí tí mo gbé wá nínú àpò.

AbeniEdit · Ọjọ́ Ajé, 10:30 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an bàbá, ó yé mi dáadáa. Ibi tó ti dí mi ni pé dísìkì wọ̀nyí kì í ṣe tiwa. Oníbàárà máa ń gbé tiẹ̀ wá, káàdì tòní kọ́ ni ti ọ̀la, mi ò lè mọ UUID wọn ṣáájú. Tí mo bá ní láti wọlé kọ ìlà kan sínú fstab fún ìkọ̀ọ̀kan wọn, ṣebí èmi náà ni wọ́n ṣì máa pè lọ́jọ́ Sunday.

SegunFixIt · Ọjọ́ Ajé, 10:41 àárọ̀

Ẹ ṣé bàbá, mo ti gbọ́. Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ udev rule, kó máa mount ẹ̀ fúnra ẹ̀ bí wọ́n bá ti kì í bọ̀ ọ́? `RUN+="/usr/bin/mount ..."` bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa tẹ nǹkan kan.

Omo_Egba_Leeds · Ọjọ́ Ajé, 12:16 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Ṣẹ́gun, ìyẹn ò ní ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń lo systemd, udevd ní mount namespace tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó máa mount ẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n inú yàrá tiẹ̀ nìkan ló máa wà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta ò ní rí nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá sì tìtorí ẹ̀ gba `systemd-mount`, ó ṣì ku ìbéèrè pé ta ló ni fáìlì náà, ta ló máa yọ ọ́.

Àǹtí Abẹ́ní, ohun tẹ́ ẹ nílò ni udisks2. Òun náà ló wà lábẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ki fláàṣì bọ dẹ́sítọ́ọ̀pù Linux tó sì yọjú fúnra ẹ̀. Lórí sáfà yín ó sábà máa ń ti wà níbẹ̀, tí kò bá sí ẹ fi apt gbé e wá. Àṣẹ ẹ̀ nìyí:

`udisksctl mount -b /dev/sdb1`

Tí ẹni tó wọlé pẹ̀lú SSH bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó máa béèrè páásíwọọ̀dù admin. Ẹ má rò pé ó bàjẹ́. polkit ni àwọn iṣẹ́ udisks ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì pín èèyàn sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ gan-an tó ń lò ó lọ́wọ́, ẹni tó wà níwájú ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun ló ń lò ó lọ́wọ́, àti gbogbo àwọn tó kù. Ẹni àkọ́kọ́ lè mount fláàṣì láìsí ìbéèrè. Ẹni tó wọlé láti SSH ò ní "seat" kankan, àwọn tó kù yẹn ló wà, ìdí nìyẹn tí orúkọ iṣẹ́ tí udisks máa béèrè fún un fi máa ń parí pẹ̀lú `-other-seat`. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣí èyí tí kò ní other-seat nìkan, wọ́n wá ń bú polkit.

Ẹ dá group kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní fidio, kẹ́ ẹ wá kọ èyí sínú `/etc/polkit-1/rules.d/50-disiki.rules`:

```
polkit.addRule(function(action, subject) {
  var iyonda = [
    "org.freedesktop.udisks2.filesystem-mount",
    "org.freedesktop.udisks2.filesystem-mount-other-seat"
  ];
  if (iyonda.indexOf(action.id) >= 0 &&
      subject.isInGroup("fidio")) {
    return polkit.Result.YES;
  }
});
```

Lórí Ubuntu, ó máa gbé dísìkì náà sí `/media/orúkọ-ẹni/orúkọ-dísìkì`, ẹni tó mount ẹ̀ nìkan ló máa lè wọ fódà yẹn, nosuid àti nodev á ti wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ exFAT tàbí FAT, òun náà ni fáìlì inú ẹ̀ máa jẹ́ tiẹ̀. Òun ló tún máa yọ ọ́ pẹ̀lú `udisksctl unmount -b /dev/sdb1`, ìyẹn ò nílò àṣẹ mìíràn.

Ẹni tó bá ṣì wà lórí Ubuntu 22.04 kó fetí sílẹ̀ o: polkit 0.105 ló wà níbẹ̀, kò mọ JavaScript yìí, fáìlì `.pkla` ni tiẹ̀, ó sì ń gbé inú `/etc/polkit-1/localauthority/50-local.d/`. Láti 2012 ni polkit ti kó lọ sí JavaScript, àwọn Debian àti Ubuntu ló dúró síbi tó ti gbó fún ọdún púpọ̀, Debian 12 ti 2023 ló wá kúrò níbẹ̀.

Kehinde_Sec · Ọjọ́ Ajé, 3:33 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Leeds, òfin tẹ́ ẹ kọ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi torí ààbò ni mò ń ṣe jẹun. Mi ò gbà pé ó yẹ kí sáfà tí iṣẹ́ gbogbo ilé wà lórí ẹ̀ máa gba dísìkì tí a ò mọ ibi tó ti ń bọ̀.

nosuid àti nodev ń ṣọ́ ohun tó wà nínú filesystem. Wọn ò ṣọ́ kernel, ọkàn Linux, fúnra ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti mount dísìkì, kernel ló máa ka gbogbo àkọsílẹ̀ orí ẹ̀, inú kernel ni kóòdù àwọn filesystem bíi ext4, XFS, HFS+ àti ìyókù wọn ń sáré. Wọ́n kọ kóòdù wọ̀nyẹn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé dísìkì náà lè bàjẹ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n máa dúró tí ẹnì kan bá jókòó tó dìídì kọ àkọsílẹ̀ èké sórí ẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí kernel ò fi jẹ́ kí ẹni lásán mount ext4 tàbí XFS pàápàá nínú user namespace, tmpfs, overlay, FUSE àti irú wọn díẹ̀ ló gbà, ìyókù CAP_SYS_ADMIN gidi, ìyẹn àṣẹ root, ni wọ́n ń béèrè.

USB fúnra ẹ̀ tún ní ìtàn tiẹ̀. Ní 2008 fláàṣì kan ló gbé kòkòrò agent.btz wọ nẹ́tíwọọ̀kì àwọn ológun Amẹ́ríkà, wọ́n fòfin de fláàṣì pátápátá fún ìgbà kan. Ní 2014 Karsten Nohl àti Jakob Lell fi BadUSB hàn ní Black Hat, fláàṣì tí wọ́n ti yí firmware, ètò tó ń darí ẹ̀ látinú, padà tó wá ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kíbọọ̀dù lòun, ó ń tẹ àṣẹ fúnra ẹ̀. Kò sí ohun tí fstab tàbí polkit fẹ́ ṣe sí ìyẹn, USBGuard, ètò tó ń yan USB tí ẹ̀rọ máa gbà, ló lè dá a dúró.

Ohun tó kàn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù lọ nìyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa da òfin yẹn kọ. Ẹ máa rí i káàkiri tí wọ́n ń kọ ọ́ báyìí:

`if (action.id.indexOf("org.freedesktop.udisks2.") == 0 ...) return polkit.Result.YES;`

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó ṣí gbogbo iṣẹ́ udisks sílẹ̀: kíkó dísìkì inú sáfà dà nù pẹ̀lú format wà níbẹ̀, `loop-setup` wà níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni náà ò nílò dísìkì gidi mọ́, á gbé fáìlì image wá láti SSH, á sọ ọ́ di dísìkì, á mount ẹ̀. `modify-device` náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2025 Qualys, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, gbé àlébù CVE-2025-6019 jáde: tẹ́ ẹ bá ní kí udisks yí ìwọ̀n XFS kan padà, libblockdev tó wà lábẹ́ udisks máa ń mount ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìsí nosuid àti nodev, bash tí bàbá sọ̀rọ̀ ẹ̀ láàárọ̀ yẹn á wá ṣiṣẹ́ pátápátá. Ẹni tí polkit kà sí ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ ni àlébù yẹn wà fún. Lórí SUSE wọ́n tún rí èkejì, CVE-2025-6018, tó jẹ́ kí ẹni tó wá láti SSH pe ara ẹ̀ ní ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wá fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé gbogbo udisks jẹ́ YES, ẹ ti ṣe iṣẹ́ èkejì yẹn fún un.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà, orí ẹ̀ ni kí wọ́n máa ki dísìkì bọ̀, kí wọ́n fi rsync gbé fáìlì wọ sáfà. Tí ohun kan bá máa ṣẹlẹ̀, kó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀.

Dami_Net · Ọjọ́ Ajé, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo fara mọ́ Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àǹtí, switch wo, ẹ̀rọ tó so àwọn kọ̀ǹpútà yín pọ̀, lẹ ní? Tó bá jẹ́ 100Mb/s, 12.5MB ló lè gbé ní sẹ́kọ́ńdù kan tó bá ń ṣe dáadáa jù, 2TB máa gba nǹkan bí wákàtí 44. Gigabit á ṣe é ní bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Tí wọ́n bá sì ki dísìkì náà bọ sáfà tààràtà, ẹ wo ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀, USB 2.0 ò lè ju bíi 35MB lọ ní sẹ́kọ́ńdù, ìyẹn wákàtí 16, ihò USB 3.0 ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀pọ̀ ìgbà aláwọ̀ búlúù ni, dísìkì tó ń yí fúnra ẹ̀ ló máa wá jẹ́ ìdíwọ́.

AbeniEdit · Ọjọ́ Ajé, 7:25 alẹ́

100Mb/s ni switch wa o. Wákàtí 44 ò ṣe é ṣe, oníbàárà mìíràn fẹ́ gba èsítánà ẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì, iná ò sì lè dúró tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a tan jẹnẹrétọ̀. Bùọ̀dá Kẹ́hìndé, mo gbọ́ yín, mi ò fojú kéré ẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí sáfà náà ni wọ́n máa ki i bọ̀. Kí ni mo lè ṣe láti dín ewu yẹn kù?

Kehinde_Sec · Ọjọ́ Ajé, 8:02 alẹ́

Kò burú, ó yé mi. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dín ohun tí kernel lè kà kù. Káàdì kámẹ́rà yín exFAT ni, SDXC tó ju 32GB lọ exFAT ni wọ́n fi ṣe é látilẹ̀. Èsítánà oníbàárà á jẹ́ exFAT tàbí NTFS. So kí ni HFS+, JFS, F2FS ń wá? Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì kan ní /etc/modprobe.d:

`install hfsplus /bin/false`
`install jfs /bin/false`
`install f2fs /bin/false`

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyíkéyìí tẹ́ ẹ ò bá lò. Ẹ ṣe update kernel àti udisks bó bá ti jáde, libblockdev tí wọ́n ti tún ṣe ti wà fún Ubuntu tipẹ́. Ẹ sì ti yàrá sáfà pa, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ fọkàn tán. Òfin ẹ̀gbọ́n Leeds yẹn, bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ má fi ìlà kankan kún un láìbéèrè.

Ohun kan ṣì kù. udisks máa ń fún dísìkì ní nosuid àti nodev, kì í fún un ní noexec. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ wo `/etc/udisks2/mount_options.conf`, ẹ lè kọ `defaults=noexec` sábẹ́ `[defaults]`, ẹ tún yọ `exec` kúrò nínú ìlà `allow`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi `-o exec` dá a padà.

Debo_BSD · Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Fún ẹni tó bá ń ka èyí tó wà lórí FreeBSD: `sysctl vfs.usermount=1`, ẹni náà gbọ́dọ̀ ni fódà tó fẹ́ mount sí, ó sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti ka device náà kó sì kọ sí i, inú devfs.rules lẹ ti máa ṣe ìyẹn. Kernel fúnra ẹ̀ ló ń fi nosuid sí i tí kì í bá ṣe root ló mount ẹ̀. Kò sí polkit, kò sí seat.

Baba_Terminal · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kó dísìkì wá ti tó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹni tó ń yọ ọ́, torí ibẹ̀ ni fídíò ti ń sọnù, ó sì dùn mí ju ti olè lọ. Òde ìgbéyàwó kò ṣe é tún ṣe. Ẹni tó bá pàdánù fídíò òkú bàbá ẹ̀, kò sí owó tẹ́ ẹ fẹ́ san.

Tẹ́ ẹ bá da fáìlì kọ sórí èsítánà, tí cp ti dáhùn pé òun parí, kò tíì parí o. Linux máa ń kó o sí mẹ́mọ́rì ná. Níbi tí wọ́n fi sí látilẹ̀, `vm.dirty_ratio` jẹ́ 20, ìyẹn ni pé tí sáfà yín bá ní 64GB mẹ́mọ́rì, gígábáìtì tó lé ní mẹ́wàá lè wà lójú ọ̀nà kó tó dá ẹni tó ń kọ ọ́ dúró. Ẹni tó bá fa wáyà yọ nígbà yẹn, àpótí fídíò tí kò dé ìdí ló gbé lọ fún oníbàárà. exFAT ò sì ní journal bíi ext4 tó máa fi tún ara ẹ̀ ṣe tí iná bá lọ. Ẹ kọ́ wọn pé `udisksctl unmount` kò ní dáhùn àfi tó bá kọ gbogbo ẹ̀ tán, kí wọ́n ní sùúrù, ó lè pẹ́, kí wọ́n má rò pé ó ti há.

Tó bá ní "target is busy", ẹnì kan ṣì wà nínú fódà yẹn ni, ọ̀pọ̀ ìgbà àwọn fúnra wọn ni tí wọ́n ti cd wọ ibẹ̀. `lsof` tàbí `fuser -vm` máa sọ ẹni tó jẹ́. Ẹ má kọ́ wọn ní `umount -l`, ó máa ń pa ẹnu ìkìlọ̀ náà mọ́ ni, fáìlì ṣì wà ní ṣíṣí lábẹ́.

AbeniEdit · Ọjọ́bọ̀, 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán gbogbo yín, mo ti ṣe é o! Mo kọ òfin náà, mo kó àwọn tó ń gé fídíò sínú group fidio, mo ní kí wọ́n jáde kí wọ́n tún wọlé torí wọn ò ní sí nínú group náà títí dìgbà yẹn. Ọ̀kan nínú wọn tẹ àṣẹ náà láti orí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀, `Mounted /dev/sdb1 at /media/bola/ODE_OJO`. Mo dán an wò pẹ̀lú ẹni tí kò sí nínú group, páásíwọọ̀dù ló béèrè, bó ṣe yẹ nìyẹn. HFS+ àti àwọn yòókù ti wà ní pípa.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ẹnì kan gbé NTFS wá láti Windows, ó mount ẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan kan sí i. Èkejì, `power-off` ṣì ń béèrè páásíwọọ̀dù. Ẹ̀kẹta ló jẹ mí lógún jù: ẹnì kan lè mount dísìkì kó lọ sílé, ṣé ẹlòmíràn lè bá a yọ ọ́? Àti pé tí èèyàn méjì bá ki dísìkì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ló fẹ́ dá ọ̀kan dúró láti mount ti ẹnìkejì ẹ̀?

Omo_Egba_Leeds · Ọjọ́bọ̀, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn o àǹtí. NTFS yẹn, Fast Startup ti Windows ló fà á, tí wọ́n bá pa Windows kì í pa tán, ó ń sùn ni, ó sì fi àmì sílẹ̀ lórí dísìkì pé òun ṣì ń lò ó. Kí oníbàárà pa Fast Startup, tàbí kó yan Restart kó sì yọ dísìkì náà kí Windows tó tún tan. Ó tún lè fi "Safely Remove" yọ ọ́ kó tó gbé e wá. Ẹ má fipá mú un kọ ọ́.

Power-off, orúkọ tiẹ̀ ni `org.freedesktop.udisks2.power-off-drive-other-seat`, ẹ lè fi kún ìwé ìyọ̀ǹda yẹn, Kẹ́hìndé ò ní bínú sí ìyẹn. Ó wúlò fún dísìkì tó ń yí torí ó máa jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

Ti ẹni tó lọ sílé, `filesystem-unmount-others` ni iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wá. Ẹ má fún gbogbo fidio. Ẹ dá group kejì fún ẹnì kan tàbí méjì tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kó tó yọ ọ́, kó kọ́kọ́ fi `ps aux | grep rsync` wò ó bóyá rsync ẹnì kan ṣì ń sáré, torí ẹni tó lọ sílé lè ti fi í sínú tmux, tó ń jẹ́ kó máa sáré lọ lẹ́yìn tó ti jáde.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, kò sí ohun tó dá a dúró. Ẹnikẹ́ni tó wà nínú group lè mount èsítánà tàbí káàdì èyíkéyìí tí wọ́n bá ki bọ sáfà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ló máa ni ín. polkit ò mọ ẹni tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kì í bọ̀ ọ́. Tí dísìkì kan bá wà tí ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ rí inú ẹ̀, LUKS, ìtìpa dísìkì tó ní páásíwọọ̀dù, ni kẹ́ ẹ fi tì í, `udisksctl unlock -b` ló ń ṣí i, `encrypted-unlock-other-seat` sì ni orúkọ tó máa wọnú òfin yín fún ìyẹn.

Kehinde_Sec · Ọjọ́bọ̀, 6:31 ìrọ̀lẹ́

Mi ò bínú sí power-off. unlock náà dára, páásíwọọ̀dù dísìkì fúnra ẹ̀ ló ṣì ń ṣọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra gigabit switch, ẹ padà wá síbí ká jọ gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà yẹn yẹ̀ wò, mi ò tíì fi í sílẹ̀.

AbeniEdit · Ọjọ́bọ̀, 7:12 alẹ́

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi nípa switch náà, ó ní lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo ti dá group kejì, mo pè é ní ogafidio, èèyàn méjì ló wà nínú ẹ̀. Mo tún kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn yàrá sáfà pé kí wọ́n tẹ `lsblk -f` ná kí wọ́n mọ̀ bóyá sdb ni àbí sdc, kí wọ́n tó mount, kí wọ́n sì dúró de unmount kó dáhùn kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà. Kí ni mo lè fi máa wo èyí tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ láàárọ̀?

Baba_Terminal · Ọjọ́bọ̀, 7:40 alẹ́

`findmnt -l | grep /media`

Orúkọ ẹni tó gbàgbé ẹ̀ wà nínú ọ̀nà fódà náà.